Ṣé lẹbẹ ni kí n pààrọ̀, àbí ara bọ́ọ̀dù ni mo gbẹ́ ṣì?

Ọmọ Etí-Ọ̀sà (Èkó)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín gbẹ́ bọ́ọ̀dù tí a fi ń gun ìgbì òkun. Èkó ni mo ń gbé, Tarkwa Bay ni mo sì ti ń gun ìgbì láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní etíkun tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Kílò 86 ni mo wọ̀n. Mo lè dìde dúró lórí bọ́ọ̀dù láìṣubú, mo lè yà sọ́tùn-ún, mo lè yà sósì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá pè mí lọ́gàá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni mo parí bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ fúnra mi ní ẹ̀yìnkùlé wa. Fóòmù tí mo lò jọ èyí tí wọ́n fi ń di fìríìjì sínú páálí, àmọ́ ó ki jù ú lọ, ó sì tóbi tó ilẹ̀kùn. Mo fi wáyà tí iná mú gbóná gé e, mo la àárín rẹ̀ sí méjì, mo fi igi arère pẹlẹbẹ kan sáàárín láti imú dé ìrù kí ó má baà kán, lẹ́yìn náà ni mo wá fi fáíbà àti ẹpọ́sì, ìyẹn àtè olómi tó máa ń le gbagidi bó bá gbẹ, bò ó lókè nísàlẹ̀. Àwòrán bọ́ọ̀dù ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ tó ń díje kárí ayé ni mo gbé síwájú tí mo ń wò. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 188, ó fẹ̀ ní 47.6 níbi tó ti fẹ̀ jù, ó sì nípọn ní 6 láàárín. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, imú rẹ̀ ga nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, ìrù rẹ̀ sì ga ní 6. Lẹbẹ mẹ́ta, bíi lẹbẹ ẹja, ló wà lábẹ́ ìrù rẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ní àárín lẹ́yìn pátápátá.

Bọ́ọ̀dù náà lẹ́wà débi pé ìyá mi ní kí n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Àmọ́ kò sáré. Ìgbì tó ń gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ yóò kọjá lábẹ́ mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Bí mo bá wá rí ọ̀kan mú, bọ́ọ̀dù yóò sáré fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, yóò sì dúró lójijì bí ìgbà tí wọ́n so òkúta mọ́ ọn nírù. Ohun mìíràn tún ni pé ó máa ń fà sí òsì nígbà tí mo bá fẹ́ lọ tààrà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ lẹbẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kí n fi méjì ńláńlá sí i bíi ti bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní fish. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra lẹbẹ olówó iyebíye láti òkè òkun. Fóòmù kejì ti wà nílẹ̀ báyìí, n kò sì fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án títí màá fi gbọ́ ohùn àwọn tó ti rìn lọ́nà yìí ṣáájú mi. Ṣé lẹbẹ ló ń dà mí láàmú, àbí ara bọ́ọ̀dù? Irú ìrù wo ni kí n gbẹ́ sí èyí tó kù yìí?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Newquay

Ọmọ Etí-Ọ̀sà, ẹ kú iṣẹ́. Kí a tó dé orí lẹbẹ, ẹ jẹ́ kí a ka ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Bọ́ọ̀dù tó gùn ní 188, tó fẹ̀ ní 47.6, tó sì nípọn ní 6, kò lè ju nǹkan bíi lítà 29 lọ, bí a bá wọn bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe tóbi tó láti léfòó. Ẹni tó wọn kílò 86 tí kò tíì di ọ̀gá yẹ kó wà lórí nǹkan bíi lítà 38 sí 42. Nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀ sórí èyí tí ẹ gbẹ́ láti fi ọwọ́ wà á, mo lè búra pé omi ń dé yín ní igbá àyà. Bọ́ọ̀dù tó ti rì dé ìdajì kò lè bá ìgbì mu, nítorí pé ìgbì ti ń lọ kí ó tó gbéra. Àwọn tó ń díje lè lo irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìgbì tí wọ́n ń gùn le, ẹsẹ̀ wọn náà sì ń fún bọ́ọ̀dù ní eré tí omi kò fún un.

Èyí tó tún burú ju ti lítà lọ ni ìtẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù ṣe tẹ̀ sókè níwájú àti lẹ́yìn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rocker. Ẹ gbé àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ata àti igbá kan lọ sínú omi, kí ẹ sì ti àwọn méjèèjì síwájú. Àtẹ yóò yọ̀ lọ lórí omi. Igbá yóò máa kó omi jọ síwájú ara rẹ̀, yóò sì máa ti òkìtì omi tó kó jọ náà lọ. Bọ́ọ̀dù tí imú rẹ̀ ga ní 13, tí ìrù rẹ̀ sì ga ní 6, igbá ni ẹ gbẹ́. N kò sọ pé ìtẹ̀ kò dára o. Ẹni tó ń já bọ́ láti orí ìgbì tó ga tó ilé alájà kan nílò rẹ̀, kí imú bọ́ọ̀dù má baà gún omi kí ó sì dojú dé. Ṣùgbọ́n ìgbì tó dé ìbàdí ní etíkun tí ògiri òkúta ẹnu ọ̀nà èbúté ń dáàbò bò kò ní agbára tí yóò fi ti igbá. Ẹ sọ imú rẹ̀ di 9, ẹ sọ ìrù di 4, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ tẹ́jú dáadáa, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ kí ẹ tó ronú kan lẹbẹ rárá.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe àṣìṣe yín yìí nígbà tí mo dé Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bí bọ́ọ̀dù mi kò bá ti sáré, lẹbẹ ni mo ń rà. Lẹbẹ oríṣi mẹ́fà ló wà nínú àpò kan nílé mi títí di òní, kò sì sí èyí tó ṣe fún mi tó ohun tí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré tí mo dín kù nínú ìtẹ̀ bọ́ọ̀dù kejì ṣe.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún yín. Báwo ni etí bọ́ọ̀dù yín ṣe rí ní apá ìrù, níbi tí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ti pàdé? Ṣé ó mú ni, àbí ó rí roboto? Ẹ da omi láti inú ife tí etí rẹ̀ rí roboto, ẹ ó rí i pé omi náà yóò tẹ̀ lé ara ife padà sísàlẹ̀ kí ó tó kán. Ẹ wá dà á láti inú agolo tí etí rẹ̀ mú, yóò já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi ṣe ń ṣe sí bọ́ọ̀dù nìyẹn. Bí etí ẹ̀yìn bá rí roboto, omi kò ní fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀, yóò máa fà á sẹ́yìn. Láti àárín lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, kí ó rí roboto kí ó má baà máa kọ́ omi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 tó kángun sí ìrù, ó gbọ́dọ̀ mú débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fá èékánná.

Ìyá Ìbejì San Diego

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Gbẹ́nàgbẹ́nà lórí ìtẹ̀ àti lórí lítà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tó ní kí ẹ lo lẹbẹ méjì kò jìnnà sí òtítọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbàgbé láti sọ pé lẹbẹ méjì náà kò lè dá wá, àfi kí ó bá ara bọ́ọ̀dù tó yẹ ẹ́ wá.

Ìlú San Diego ní California tí mo ń gbé yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀dù fish. Ní ọdún 1967, Steve Lis, tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, gbẹ́ bọ́ọ̀dù kúkúrú tó fẹ̀, tó sì tẹ́jú, tó ń fi orúnkún gùn. Ó la ìrù rẹ̀ sí méjì bí ìrù ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ó sì fi lẹbẹ kan tí ìdí rẹ̀ gùn sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe torí ẹwà ló fi là á. Bọ́ọ̀dù tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ ń gbé ara rẹ̀ sókè lórí omi tí kò lágbára, èyí sì dára fún eré, ṣùgbọ́n ìrù fífẹ̀ ṣòro láti rì sínú omi nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ yà. Lílà tí ó là á yìí sọ ìrù ńlá kan di ìrù kéékèèké méjì, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni ẹ óò máa tẹ̀ nígbà tí ẹ bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí lẹbẹ ẹ̀ka náà yóò sì di omi mú fún yín.

Fún kílò 86 àti ìgbì tí ẹ sọ, èmi yóò gbẹ́ èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 178, tó fẹ̀ ní 54, tó sì nípọn ní 7. Nǹkan bíi lítà 38 ni. Kí ìdí lẹbẹ kọ̀ọ̀kan gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22, kí ó sì ga ní 13. Kí ẹ̀yìn lẹbẹ jìnnà sí ṣóńṣó ìrù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14, kí ìdí rẹ̀ sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí etí bọ́ọ̀dù. Ẹ má jẹ́ kí ó dà sí ìta púpọ̀ bíi ti lẹbẹ mẹ́ta. Dígírì méjì tó, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé e dúró ṣánṣán.

Ní ti lẹbẹ olówó iyebíye, ẹ fi owó yín pamọ́. Ẹ wá plywood dáadáa tí omi kì í tètè bà jẹ́, tó nípọn ní mìlímítà 9, kí ẹ gé méjì tó jọra. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ló wà níbẹ̀. Igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni plywood, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá ti ń fi sáńpépà fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, àwọn igi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ìlà ní ìlà, bí ilà ojú. Níbi tí àwọn ìlà náà bá ti fún mọ́ra, ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹ gbé lẹbẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ìlà wọn bá sì dọ́gba bí ìbejì, iṣẹ́ yín pé. Èmi tí mo bí ìbejì mọ̀ pé wọn kì í jọra tán, àmọ́ ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igi àárín ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta ni kí ẹ fá kí ó wú níwájú, kí ó sì máa tín-ín-rín lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fáíbà bò ó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Newquay

Ìyá Ìbejì, mo bá yín yọ̀ lórí alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà lẹbẹ mẹ́ta díẹ̀ nítorí pé ara èmi náà tóbi. Ìdí tí lẹbẹ mẹ́ta fi wà láyé kò ṣẹ̀yìn géńdé tó ga, tó sì tóbi. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bọ́ọ̀dù onílẹbẹ méjì ni Mark Richards ará Australia fi gba adé àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, láti 1979 dé 1982, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ gun irú rẹ̀. Simon Anderson, tí òun náà jẹ́ ará ibẹ̀, gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ ńṣe ni ìrù bọ́ọ̀dù náà ń yọ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980 ló fi lẹbẹ kẹta sí ẹ̀yìn láàárín, nígbà tó sì di 1981, ó fi bọ́ọ̀dù náà borí nínú ìdíje Bells Beach ní Australia nígbà tí ìgbì ga gan-an. Thruster ni ó sọ ọ́. Kò gba ẹ̀tọ́ ìní lórí rẹ̀, ìyẹn ni èmi àti ẹ̀yin fi lè gbẹ́ ẹ lónìí láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kílò 86 kì í ṣe kékeré. Bí òjò bá dé, tí ìgbì tó ń bọ̀ láti gúúsù Àtìláńtíìkì bá ga kọjá orí ní Èkó, lẹbẹ méjì lè já ọ̀rẹ́ wa kulẹ̀ ní ibi tó ti fẹ́ yà kíákíá.

Onífáíbà Èbúté

Ẹ má bínú pé èmi tí n kò gun ìgbì rí láyé mi fẹ́ dá sí i. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe láti ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ etíkun sì máa ń gbé bọ́ọ̀dù wọn tó bá ti fọ́ wá bá mi. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní.

Èkíní ni ti fífà sí òsì. Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ lórí eré, ẹ ò fọwọ́ kan ìyẹn. Bọ́ọ̀dù kì í fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lásán. Àbúrò, ẹ wá okùn òwú tí kì í nà, ẹ kàn án mọ́ ṣóńṣó imú bọ́ọ̀dù, ẹ fà á dé iwájú lẹbẹ ọ̀tún, kí ẹ fi kálámù sàmì sí okùn náà. Ẹ gbé okùn kan náà dé iwájú lẹbẹ òsì. Bí àmì kò bá bọ́ síbì kan náà, lẹbẹ kan ti ṣáájú èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi tépù wọn iwájú lẹbẹ kọ̀ọ̀kan sí igi àárín, kí ẹ tún wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ máa ń kọ orí sínú díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn ní ẹsẹ̀ wọlé. Ní bọ́ọ̀dù onílẹbẹ mẹ́ta, mìlímítà 6 ni ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn tí mo sábà máa ń bá lára àwọn tí wọ́n rà wá láti òkè òkun. Bí ọ̀kan bá kọ orí sínú ju èkejì lọ, òun ni yóò máa ti ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kan, imú yóò sì yà sí èkejì.

Ẹ̀kejì ni ti bíbo fáíbà, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ níbí nítorí pé ooru Èkó kì í ṣe ti Cornwall. Atẹ́gùn wà nínú fóòmù funfun yẹn. Bí oòrùn bá ń gòkè, atẹ́gùn náà yóò máa wú, yóò sì máa wá ọ̀nà jáde gba inú ẹpọ́sì tí kò tíì gbẹ, ẹ ó sì rí ihò wínníwínní káàkiri bí ojú moin-moin. Ẹ má ṣe bo fáíbà ní òwúrọ̀ láé. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ooru bá ti ń lọlẹ̀, fóòmù yóò máa mí sínú, yóò sì fa ẹpọ́sì mọ́ra. Ẹ po díẹ̀ díẹ̀, ẹ sì tètè dà á sórí fáíbà, nítorí pé ẹpọ́sì tó bá pẹ́ nínú ike yóò gbóná títí yóò fi máa rú èéfín. Bí kò bá sì tètè gbẹ, ẹ má fi kún hádínà rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó lè le, láti yá a. Iye tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ọjọ́ta tà yín ní résínì pọliẹ́sítà torí pé ó dínwó. Oníbàárà mi kan gbìyànjú rẹ̀ lórí fóòmù funfun. Ó dà á sórí rẹ̀ tán, ó yíjú padà láti mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ó tó yíjú padà sí i, fóòmù ti yọ́ bí òrí nínú oòrùn, kòtò tó gba ìkúùkù ẹni ti là sáàárín bọ́ọ̀dù. Pọliẹ́sítà wà fún fóòmù mìíràn, èyí tó máa ń pọ́n bí oòrùn bá pa á.

Ìyá Ìbejì San Diego

Òótọ́ ni Onífáíbà sọ. Fóòmù tó ń pọ́n yẹn ni gbogbo wa ń lò ní California tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Clark Foam, ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lójijì ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2005. Ẹni tí kò bá fẹ́ káwọ́ gbera ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fóòmù funfun àti ẹpọ́sì. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èmi kò tilẹ̀ mọ èkejì lò dáadáa.

Ọmọ Etí-Ọ̀sà (Èkó)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n ní alẹ́ àná lábẹ́ iná bárándà. Lẹbẹ òsì ṣáájú ti ọ̀tún ní mìlímítà 4. Ìyẹn kọ́ ló tilẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Lẹbẹ ọ̀tún kọ orí sínú ní mìlímítà 6 bí ẹ ṣe sọ, ṣùgbọ́n ti òsì jẹ́ 11. Mo rántí ọjọ́ tí mo fi í síbẹ̀: iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù parí rẹ̀. Ó wá yé mi báyìí ìdí tí bọ́ọ̀dù fi ń yà sósì, àti pé lẹbẹ náà ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo ń lọ tààrà.

Ní ti ìbéèrè Gbẹ́nàgbẹ́nà, etí ẹ̀yìn rí roboto. Ẹpọ́sì ló ṣù síbẹ̀ nígbà tí mo ń bo fáíbà, mo wá fi sáńpépà fá a títí ó fi dán. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i nígbà náà pé ó rí mẹ́lọ́mẹ́lọ́ lọ́wọ́. Mo gbé ife àti agolo mílíìkì lọ sídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ yìí, mo sì dà wọ́n bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Omi inú ife ṣàn padà títí dé ọrùn ọwọ́ mi.

Ohun tó kù tí n kò mọ̀ ni èyí tí n óò tẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ lẹbẹ méjì àti mẹ́ta. Ẹ̀rù fish ń bà mí fún ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́jọ nínú ọdún ni ìgbì wa kì í fi í ju ìbàdí lọ.

Ìyá Ìbejì San Diego

Kò sí ìdí tí ẹ óò fi jà lórí rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ara fish bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹ lẹ lẹbẹ méjèèjì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó bo fáíbà, ẹ gbẹ́ ihò fún àpótí lẹbẹ kékeré kan sí orí igi àárín, síwájú ibi tí ìrù ti là. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí ìgbì bá ga, tí ìrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ ki lẹbẹ kékeré kan tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ sínú rẹ̀. Kò ní sọ ọ́ di thruster, torí pé lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ yín wà lẹ́yìn jù fún ìyẹn, ṣùgbọ́n yóò di ìrù mú. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ra àpótí náà o: ti ilé iṣẹ́ FCS àti ti ilé iṣẹ́ Futures kì í gba lẹbẹ ara wọn, ẹ má lọ ra àpótí ọ̀kan pẹ̀lú lẹbẹ èkejì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Newquay

Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kí ẹ tó gé fóòmù tuntun rárá, ẹ kọ́kọ́ tún ti àtijọ́ ṣe. Ẹ fi ayùn gé lẹbẹ òsì kúrò, ẹ tún un tò, kí ẹ sì fi ẹpọ́sì mọ etí ẹ̀yìn títí yóò fi mú. Kò ní di lítà 38, igbá ni yóò ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ̀ lójú omi èyí tó jẹ́ ẹ̀bi lẹbẹ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ìtẹ̀. Bí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó wò yín sàn.

Onífáíbà Èbúté

Bí ẹ bá fẹ́ mọ etí náà, ẹ lẹ séló sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó yọ sókè bí ògiri kékeré, ẹ da ẹpọ́sì sínú rẹ̀, kí ẹ ṣí i kúrò lọ́jọ́ kejì. Yóò mú bí etí àwo. Lẹbẹ tí ẹ bá sì gé, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ lè fá a kéré fún àpótí àárín tí Ìyá Ìbejì sọ.

Ọmọ Etí-Ọ̀sà (Èkó)

Mo ti gé lẹbẹ òsì kúrò. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ, ayùn méjì ló kú sí i. Séló ti wà ní etí rẹ̀ báyìí, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo da ẹpọ́sì sí i, oòrùn ti wọ ẹ̀yìn ilé aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ Sátidé ni n óò gbé e lọ sí Tarkwa Bay bí ọkọ̀ bá tètè rí èrò. Fóòmù kejì ṣì wà nínú yàrá mi, mo ti fi pẹ́ńsù ya ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n n kò tíì tan iná sí wáyà.